Ìtàn Yàrá Kẹta Nínú Ilé Wa

Ọdún tó kọjá ni ìyá mi bí ìbejì. Àwa ọmọ mẹ́ta la ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Táíwò àti Kẹ́hìndé dé, a di márùn-ún. Gbogbo àdúgbò bá wa yọ̀. Wọ́n se ẹ̀wà, wọ́n jó, bàbá mi tí wọ́n sì ti ń fi orúkọ mi pè láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi di Bàbá Ìbejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èmi àkọ́bí ń wò wọ́n, mi ò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò tú ká tán, ìbéèrè kan ṣẹ́kù: níbo ni gbogbo wa yóò máa sùn?

Ìbàdàn là ń gbé, níbi tí kò jìnnà sí Mápó, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ. Yàrá mẹ́ta péré ló jẹ́ tiwa nínú rẹ̀. Bàbá àti ìyá mi ń sùn nínú ọ̀kan. Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, wà nínú èkejì pẹ̀lú àwa ọmọ mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ yàrá kẹta lápá ọ̀tún bí èèyàn bá gba iwájú wọlé, ẹnikẹ́ni kò sùn níbẹ̀. Ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ìnáwó, àga tó ti kán lẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ojú oórì bàbá tó bí bàbá bàbá mi wà. Ọdún 1971 ni wọ́n sin ín síbẹ̀.

Bàbá mi ní kí á kó ẹrù inú yàrá náà kúrò, kí á kùn ún, kí á sì sọ ọ́ di yàrá àwọn ọmọ. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ilé ẹbí ni, ẹnì kan kò lè dá wó ògiri rẹ̀ tàbí yí ilẹ̀ rẹ̀ padà láìjẹ́ pé Mọ́gàjí agbo ilé gbà. Bàbá mi ní bí wọn kò bá gbà, a ó lọ háyà ilé níta. Ìyá Àgbà ní kí á máa lọ ní tiwa, òun kò ní kúrò níbi tí wọ́n fi òun fún ọkọ sí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ilé fi dákẹ́ rọ́rọ́. Èmi ní tèmi, kò sí èyí tí mo fẹ́ nínú méjèèjì: mi ò fẹ́ kí á fi Ìyá Àgbà sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ sùn lórí ojú oórì. Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ nípa ilé náà, kì í ṣe ìfẹ́ ìtàn.

Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí wọ́n tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ nípa àwọn Yorùbá jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ bí agbo ilé ayé àtijọ́ ṣe rí. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé kan ṣoṣo ni agbo ilé ní. Yàrá tò lẹ́sẹẹsẹ yí àgbàlá po, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú wọn. Àwọn yàrá náà kéré, wọ́n sì ṣókùnkùn. Nígbà tí mo ka èyí, àánú wọn ṣe mí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló ń jókòó sínú yàrá lójú mọmọ? Inú yàrá wà fún oorun àti ẹrù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ran òwú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàlọ́ fún ọmọdé lálẹ́. Bí òjò bá rọ̀, wọn a gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kí omi lè kún un.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń dàgbà. Bí ọmọkùnrin kan bá fẹ́ gbé ìyàwó, wọn a mọ yàrá kún yàrá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, kí òjò má baà wó o. Àwọn ará àti ọ̀rẹ́ a wá ṣe ọ̀wẹ̀, wọn a po amọ̀, wọn a mọ ìpele kan, wọn a jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo orí ilé ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Ní ilẹ̀ igbó, ewé gbódógì ni. (Bẹẹrẹ yìí kì í ṣe nǹkan kékeré l'Ọ́yọ̀ọ́: wọ́n ń ṣe ọdún Bẹẹrẹ nígbà tí àwọn ìlú bá kó koríko náà wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin.) Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin a fi ẹlẹ́bọ́tọ, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù tútù, pa ògiri àti ilẹ̀ kó lè dán. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó lẹ́wà sí i, wọn a fi ẹfun kùn ún kó funfun, tàbí kí wọ́n wá ilẹ̀ pupa tàbí ohun dúdú. Iṣẹ́ obìnrin ni kíkun ilé nígbà náà. Ìyá Àgbà sọ èyí lójú akunlé tí bàbá mi gbé wá, akunlé náà sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń béèrè nígbà náà pé níbo ni ìyàwó tuntun yóò sùn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ọjọ́ tí wọn yóò po amọ̀.

Ilé wa kò rí bẹ́ẹ̀. Pàsééjì gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá mẹ́rin kọjú sí yàrá mẹ́rin. Irú ilé yìí ni àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo kọjú sí ọ, o kọjú sí mi. Mo rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ìjọba ló ti wá, àṣé ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà ni. Àwọn wọ̀nyí ni ọmọ Yorùbá àti ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Èkó láàárín nǹkan bí igba ọdún sí àkókò tiwa. Bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ láàárín wọn. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló darí iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ilé onípàsééjì láàárín, tí yàrá wà ní ọ̀tún àti òsì, ni wọ́n ń kọ́ fún ara wọn, àwọn ọlọ́jà àti àgbẹ̀ olówó sì rí i, wọ́n fẹ́ ẹ. Owó kòkó ló gbé e gòkè wá sí Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti Iléṣà. Ó dùn mí pé díẹ̀ ló kù nínú àwọn ilé Àgùdà àkọ́kọ́. Ilojo Bar ní Tinúbú, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016. Ẹni tó bá fẹ́ wo bí ilé ìyá àgbà rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ kò lè rí i níbẹ̀ mọ́.

Bàbá àgbà wa náà jẹ́ àgbẹ̀ kòkó. Ní 1953, ó wó apá kan nínú agbo ilé amọ̀ tí wọ́n bí i sí, ó sì kọ́ ilé onípàsééjì yìí sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó fi páànù bò ó, torí iná ti jó ilé koríko mọ́ ọn lójú nígbà kan. Ohun tó ṣe yìí ni àwọn ẹlòmíràn náà ń ṣe káàkiri àárín Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, onímọ̀ ilẹ̀ àti ìlú tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé bí àárín ìlú náà ṣe ń dàgbà ni agbo ilé ńlá ń pín sí wẹ́wẹ́, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá lówó ń wó apá tirẹ̀, tó sì ń kọ́ ilé tó dá dúró. Ilé pọ̀ sí i, ilẹ̀ kò pọ̀ sí i. Àgbàlá ni wọ́n ń jẹ.

Ní January 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ó ṣe wá lóore, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe sí yàrá. Àwọn ọmọ tó ti ń gbé lóko ní láti wá sí ìlú kàwé. Ọkọ Ìyá Àgbà, tó jẹ́ ọmọdékùnrin nígbà náà, sọ fún un pé àwọn ọmọ mọ́kànlá ló sùn sórí ẹní nínú yàrá kẹta lọ́dún náà, wọ́n to ara wọn bí iṣu inú ọgbà. Fìtílà kan ni gbogbo wọn fi ń kàwé. Bàbá àgbà ní kí wọ́n tún ògiri ibẹ̀ fi ẹfun kùn, kí ìmọ́lẹ̀ fìtílà lè tàn dáadáa. Èyí ni àtúnṣe àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ pé wọ́n ṣe sí yàrá náà nítorí ọmọ.

Ní ọdún 1955 yìí kan náà, ní Èkó, LEDB, ìgbìmọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe, bẹ̀rẹ̀ ètò láti wó àwọn ilé tó fún pọ̀ ní àárín Erékùṣù Èkó. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Peter Marris, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ bá àwọn ẹbí náà sọ̀rọ̀, tẹ ìwé nípa wọn jáde ní 1961. Ó rí i pé ilé tuntun dára, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ọjà, owó ọkọ̀ pọ̀, àwọn ẹbí tó ti ń bójú tó ara wọn sì túká. Nígbà tí mo ka èyí ni mo lọ bá bàbá mi. Mi ò bá a jiyàn. Mo kàn ka ìtàn àwọn ará Sùúrùlérè fún un, ó sì sọ pé, "O ti ń gbèjà Ìyá Àgbà rẹ nìyẹn." Kò sọ̀rọ̀ ilé háyà mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí bàbá àgbà kú ní 1971, wọ́n pín yàrá mẹ́jọ náà ní ìdí-igi. Ìyàwó mẹ́ta ló ní. Àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, bí ó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó tàbí kí wọ́n kéré tó. Ìdí nìyí tí tiwa fi jẹ́ mẹ́ta. Àṣà yìí kò kú. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọlé, lórí ogún ọkùnrin kan ní Èkó tó fi ọmọ mẹ́sàn-án láti ọwọ́ ìyàwó mẹ́rin sílẹ̀, àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù fara mọ́ ọn ní 1962 pé ìdí-igi jẹ́ òfin àwọn Yorùbá lóòótọ́. Bí ìyá kan bá bí ọmọ kan ṣoṣo, àyè gbà á. Bí ó bá bí mẹ́fà, kí wọ́n fún ara wọn pọ̀. Èrò tèmi ni pé òdodo wà nínú rẹ̀ fún àwọn ìyàwó, ṣùgbọ́n kò ro ti àwọn ọmọ ọmọ.

Àwọn akunlé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí Mọ́gàjí ti gbà pé kí á ha ògiri nìkan, kí òun tó mọ ohun tí yóò kàn. Mo jókòó tì wọ́n. Ọ̀dà tó wà lókè jẹ́ àwọ̀ ìpara, ó ti dọ̀tí. Lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ búlúù jáde, búlúù tó mọ́ bíi ti aṣọ ilé ìwé. Lábẹ́ búlúù, ẹfun. Lábẹ́ ẹfun, sìmẹ́ǹtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, lẹ́yìn náà amọ̀ pupa, torí ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé sìmẹ́ǹtì dé ní 1953, owó rẹ̀ sì wọ́n. Ilé iṣẹ́ Ewékorò kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di 1960. Mo sáré lọ pe Ìyá Àgbà. Ó fọwọ́ kan búlúù náà, ó dúró díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní nígbà tí odò Ògùnpa kún ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó gbé ilé àti èèyàn lọ, àbúrò òun àti ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin sá wá sọ́dọ̀ wa. Aṣọ ọrùn wọn nìkan ni wọ́n mú dé. Yàrá kẹta ni wọ́n fún wọn. Ọdún méjì ni wọ́n fi gbé ibẹ̀. Ọkọ àbúrò rẹ̀ fi kọ́tíìnì pín yàrá náà sí méjì, òbí lápá kan, ọmọ lápá kejì. Nígbà tí wọ́n rí ilé háyà, ó ra ọ̀dà búlúù, ó fi kun yàrá náà kó tó kó jáde, pé òun kò ní ohun mìíràn tí òun lè fi dúpẹ́.

Mo béèrè bóyá àwọn ọmọ náà kò bẹ̀rù ojú oórì. Ìyá Àgbà wò mí. Ó ní ta ni wọn yóò bẹ̀rù? Bàbá wọn kọ́? Johnson náà kọ ọ́ pé inú ilé ni Yorùbá ń sin òkú wọn sí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí nínú yàrá, kì í ṣe ní itẹ́ òkú. Ọmọ ń sùn lókè, bàbá ń sùn nísàlẹ̀. Ìyá Àgbà ní ìran bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù, àwọn ló sọ yàrá náà di ibi ìkẹ́rùsí. Bàbá mi wà nítòsí, ó gbọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá."

Ní ọjọ́ kejì, irin akunlé kan ohun líle lára ògiri ẹ̀yìn. Búlọ́ọ̀kù ni, nígbà tó jẹ́ pé amọ̀ ni ògiri tó yí i ká. Ẹnu ọ̀nà kan wà níbẹ̀ rí tí wọ́n dí pa. Bàbá mi dìde, inú rẹ̀ dùn: ó ní kí á ṣí i, kí á fi gba ẹ̀yìn, kí á mọ yàrá kékeré kan kún un. Mọ́gàjí fúnra rẹ̀ ló wá ṣàlàyé fún un. Ọ̀nà tó lọ sí àgbàlá àtijọ́ ni. Ní 1975, nígbà tí owó Údójì jáde fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, mọ̀lẹ́bí wa kan fi tirẹ̀ kọ́ ilé sórí ìyókù àgbàlá náà, ògiri rẹ̀ sì dúró tí ẹnu ọ̀nà wa bí ẹni pé kí ọwọ́ má lè kọjá. Kò sí ẹ̀yìn mọ́ tí a lè lọ. Wọ́n dí ẹnu ọ̀nà pa kí alángbá má baà máa gba ibẹ̀ wọlé.

Bàbá mi jókòó sórí àga tó kán lẹ́sẹ̀, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Mo rí i pé ohun tó ń wá ni ohun tí àwọn baba rẹ̀ máa ń ṣe: kí á po amọ̀, kí á fi kún un. Kò sí ibi tí a ó fi kún mọ́. Láti 1975 ni ohunkóhun tí ẹnì kan bá gbà nínú ilé yìí ti ń jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀.

Mọ́gàjí gbà níkẹyìn. Ó ní kí á má wó ògiri, kí á má sì bo ojú oórì Bàbá mọ́lẹ̀. Bíríkìlà gbẹ́ ìdajì búlọ́ọ̀kù ẹnu ọ̀nà náà jáde, káfíńtà to pákó márùn-ún sí i, ó di ibi tí à ń to ìwé sí. A fi táìlì sí ilẹ̀, ṣùgbọ́n a fi sìmẹ́ǹtì ojú oórì sílẹ̀ bó ṣe wà, Ìyá Àgbà sì ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Bọ́ńkì, irú bẹ́ẹ̀dì alókè àti ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń lò ní ilé ìwé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kejì fún èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Àbúrò mi obìnrin ṣì wà pẹ̀lú Ìyá Àgbà. Funfun la kun ògiri, nítorí ìmọ́lẹ̀, bí wọ́n ti ṣe ní 1955. Mo bẹ akunlé pé kó fi búlúù tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ráhùn pé àwọn èèyàn yóò rò pé òun kò parí iṣẹ́ òun.

Òru àkọ́kọ́, mi ò sùn dáadáa. Òru kejì, mo sùn.

Táíwò àti Kẹ́hìndé ṣì wà nínú yàrá àwọn òbí wa, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń rákò, Kẹ́hìndé sì ti ń di ara bẹ́ẹ̀dì mú dìde. Lánàá, mo rí bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú okùn ìwọ̀n, ó ń wọn fífẹ̀ pàsééjì.